Ẹ Kọ Ohun Tí Ẹ Ń Retí Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Ìṣòro

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ ohùn kan náà ló ń jáde nínú ọ̀pọ̀ wọn: "Mà, mo ti lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ tíọ́rì, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ìṣòro ṣì wà níbi tí mo fi í sí." Mo ti mú márùn-ún nínú wọn. Mo gé wọn kúrú, mo sì yọ ohun tó lè tú àṣírí ẹni tó kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi ni alábòójútó ẹ̀ka tó ń gba ìwé ìbéèrè àwọn oníbàárà, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ń fọwọ́ sí i. Ìwé bíi 200 ló ń wọlé lọ́sẹ̀, bíi 200 náà ló ń jáde. Ọ̀sẹ̀ kan la ṣèlérí fún oníbàárà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ìwé tó wà nílẹ̀ lónìí tó 600. Bíi 450 nínú rẹ̀ ló wà níwájú ọ̀gá kan ṣoṣo tó láṣẹ láti buwọ́ lù ú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ló sì máa ń buwọ́ lùwé, bíi 100 lójúmọ́. Mo ti ra kọ̀ǹpútà tuntun fún àwọn tó ń gbàwé wọlé. Olùkọ́ tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní kí n wá ohun tó máa mórí òṣìṣẹ́ yá, mo sì pe ìpàdé lórí ẹ̀. Kò sí àyípadà. Ṣé tíọ́rì wúlò fún irú wa báyìí?

ÌDÁHÙN: Ó wúlò, àmọ́ èyí tí wọ́n fún yín kì í ṣe ti ìṣòro yín. Tíọ́rì tó ń ṣàlàyé bí orí òṣìṣẹ́ ṣe ń yá, ibi tí ìtara bá ti dín kù la ti ń lò ó. Mi ò rí ọ̀lẹ kankan nínú lẹ́tà yín. Ohun tí mo rí ni ìlà gígùn níwájú tábìlì kan. Kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ rà yẹn, ńṣe ló ń jẹ́ kí ìwé tètè dé ibi tó ti máa lọ dúró. Ètè lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá.

Ìlà ní tíọ́rì tirẹ̀, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1909 ni Agner Krarup Erlang, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark tó ń bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen ṣiṣẹ́, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí ìpè ṣe ń wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni tò wọ́n. Nígbà tó di 1961, John Little ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò fìdí òfin kan múlẹ̀ tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè lò: iye tó ń wọlé lọ́sẹ̀, tí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò nínú ilé, á fún yín ní iye tó wà nílẹ̀. Yálà ìwé ni o, aláìsàn ni o, ẹrù ni o, bákan náà ni. Ohun tó bèèrè ò ju pé kí iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde máa bára wọn dọ́gba bí àkókò ti ń lọ, tiyín sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi 200 pín 600. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ohun tí oníbàárà ń pariwo lé lórí ti wà nínú nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ránṣẹ́ sí mi. Tí ẹ bá fẹ́ mú ìlérí ọ̀sẹ̀ kan ṣẹ nígbà tí 200 ṣì ń wọlé, ìwé tó wà nílẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 200 lọ. 400 ló gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, ibi tábìlì ọ̀gá yẹn nìkan ló sì lè gbà kọjá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù rèé. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ọ́ pé: "Tí ọ̀gá bá fi Ọjọ́bọ̀ kún ọjọ́ tó ń buwọ́ lùwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 600 yìí á di 500 lópin ọ̀sẹ̀ kìíní, 400 lópin ìkejì, lẹ́yìn náà 300, lẹ́yìn náà 200." Ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ẹ̀ka ti máa rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìwé tó wà nílẹ̀ fúnra yín. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ká ní ẹ kà á lópin ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ bá 560 dípò 400. Ẹ má sọ pé tíọ́rì ti já yín kulẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn oníbàárà ti gbọ́ pé nǹkan ti ń yá, tí ìwé tó ń wọlé fi pọ̀ sí i. Ó sì lè jẹ́ pé ìpàdé gba ọ̀gá mọ́ yín lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ló rí buwọ́ lù. Ó sì lè jẹ́ pé apá kan nínú 450 yẹn ò pé, ọ̀gá ń dá wọn padà, wọ́n á tún rìn yí ká, wọ́n á tún wọlé bí tuntun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí ẹ máa kà kí ẹ tó lè mọ̀ bóyá òun ni. Ká ní ẹ ò kọ 400 sílẹ̀ ṣáájú ni, ẹ̀ bá wo 560, ẹ̀ bá ní "ó kúkú ti dín kù," ẹ̀ bá sì kọjá lọ.

Níbi tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, ìdí kẹta yẹn ni mo máa ń bá jù. Mo ti tẹ̀ lé ìwé kan rí láti tábìlì dé tábìlì, mò ń kọ ìgbà tó dé àti ìgbà tó kúrò. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀ gan-an ò tó wákàtí kan, ìyókù ọjọ́ rẹ̀, inú àpótí ló wà. Èèyàn mẹ́ta ti kọ "fọ́tò kò sí" sí etí rẹ̀, pẹ̀lú bíírò aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó pe oníbàárà náà lórí fóònù.

Nígbà tí ẹ bá ti dé 200, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ kún ọwọ́ ọ̀gá yẹn fọ́fọ́. Tí ìwé bá ń dé wìtìwìtì lónìí tó sì ń dá lọ́la, tí iṣẹ́ orí ọ̀kan máa ń pẹ́ gan-an ju ti òmíràn lọ, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, ìṣirò tó ti ọwọ́ Erlang wá fi hàn pé bí iṣẹ́ bá gba 80 nínú 100 ìṣẹ́jú rẹ̀, ìwé á dúró ní bíi ìlọ́po 4 àkókò tí iṣẹ́ orí rẹ̀ ń gbà. Tó bá di 90, ó di ìlọ́po 9. Tó bá di 95, ó di 19. Alábòójútó tó bá rí òṣìṣẹ́ tó simi díẹ̀, tó sì yára wá iṣẹ́ míì lé e lọ́wọ́, òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà gùn. Ẹ bẹ ọ̀gá kó ṣì máa fi Ọjọ́bọ̀ kan kún un lóṣooṣù.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ẹ gbà mí. Ẹ̀ka tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ni mo ń bójú tó. Àṣìṣe wa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá rèé: 7, 4, 9, 6, 5, 8, 3, 7, 6, 5. Nígbà tó di 9, ọ̀gá àgbà jágbe mọ́ wa, ó sì bọ́ sí 6. Nígbà tó di 3, wọ́n yìn wá, ó sì gòkè di 7. Wọ́n ti wá sọ báyìí pé ìyìn ló ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́, pé ìrírí ló kọ́ àwọn. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

ÌDÁHÙN: Ọkàn yín ò tàn yín. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1924, Walter Shewhart, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ṣókí kan sí ọ̀gá rẹ̀, ó sì ya àtẹ kan sínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn àtẹ náà ni pé iṣẹ́ yòówù kó jẹ́ máa ń lọ sókè sódò díẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun kan. Ìyẹn yàtọ̀ sí ọjọ́ tí nǹkan kan pàtó bá bàjẹ́. Iṣẹ́ alábòójútó ni kó mọ èwo lèwo.

Tiyín rèé. Àṣìṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àpapọ̀ jẹ́ 60, ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́ 6 lọ́sẹ̀. Tí iye ẹrù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kò bá yàtọ̀ púpọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ (ẹ rí i dájú, torí ìṣirò yìí ò ní ṣeé gbọ́kàn lé bó bá yàtọ̀), ẹ wá nọ́ńbà tí ẹ lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tí á fún yín ní 6. Bíi 2.45 ni. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni irú àtẹ Shewhart yẹn fi ń pa ààlà, ìyẹn sì jẹ́ 7.35. Ẹ fi kún 6, ó di 13.35. Àfi bí àṣìṣe bá tó 14 lọ́sẹ̀ kan ni kí ẹ tó béèrè pé "kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?" 9 yẹn, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. 3 yẹn náà, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ìdí tí ìjágbe fi dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ ni pé lẹ́yìn nọ́ńbà tó ga lọ́gàá ń jágbe, lẹ́yìn èyí tó bá sì ga jù, èyí tó tẹ̀ lé e sábà máa ń sún mọ́ ìdọ́gba padà. Bákan náà, lẹ́yìn èyí tó kéré jù ni wọ́n ń yìn yín. Daniel Kahneman, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2002, bá èrò yìí kan náà pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ ogun òfúrufú Ísírẹ́lì ní ọkọ̀ wíwà: wọ́n ní àwọn bá bú ẹni tó fò ó burúkú, á ṣe dáadáa lẹ́yìn náà, àwọn bá yin ẹni tó ṣe dáadáa, á bà á jẹ́. Ojú wọn ló rí i lóòótọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún ohun tí ojú rí ni kò tọ̀nà. Ìrírí tí kò ní tíọ́rì lẹ́yìn lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ èèyàn ní irọ́.

Ẹ má lọ fi ìṣirò ko ọ̀gá àgbà lójú nínú ìpàdé o. Ẹ lọ bá wọn níbi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé nígbà méjì sí mẹ́ta tó ń bọ̀ tí àṣìṣe bá di 8 tàbí 9, kí wọ́n má sọ nǹkan kan. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e máa jẹ́, kí ẹ̀yin náà kọ tiyín. Tó bá ń wálẹ̀ láìsí ìjágbe, wọ́n á rí i fúnra wọn. Ṣùgbọ́n tí 6 lọ́sẹ̀ bá pọ̀ jù fún oníbàárà, ìyẹn lọ̀rọ̀ tó kàn, ìjágbe àti ìyìn ò sì lè yanjú rẹ̀. Ẹ kó 60 àṣìṣe yẹn jáde, kí ẹ ṣà wọ́n ní oríṣi oríṣi. Mélòó ló jẹ́ àdírẹ́sì tí ẹnì kan ń fọwọ́ dà kọ láti ìwé kan sí òmíràn? Mélòó ló jẹ́ ọjà méjì tí páálí wọn jọra? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Nínú gbogbo tíọ́rì ìbójútó iṣẹ́, mà, èwo ló dára jù?

ÌDÁHÙN: Kò sí. Èyí tó bá lè sọ ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ fún yín ni kí ẹ mú. Tí iṣẹ́ bá tẹ̀ síwájú tí tíọ́rì yín ní "mo sọ bẹ́ẹ̀," tó bá tún fà sẹ́yìn tó tún ní "mo sọ bẹ́ẹ̀," ẹ gbé e sílẹ̀. Wọ́n mọ Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, mọ́ ọ̀rọ̀ kan, pé kò sí ohun tó wúlò tó tíọ́rì tó dára. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, torí ọkùnrin náà kì í dúró sí inú iyàrá ìkàwé nìkan. Ó fẹ́ kí a gbìyànjú àtúnṣe níbi tí ìṣòro wà, ká wo àbájáde rẹ̀, ká sì tún èrò wa ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè mà. Mo sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n wá bá mi nígbàkígbà tí wọ́n bá rí ìṣòro. Nínú ìpàdé, "ó ti yé wa, mà" ni gbogbo wọn ń sọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ ńlá kan bàjẹ́, mo wá gbọ́ pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń gbọ́ ariwo tí kò dáa nínú rẹ̀. Mi ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ epo tó ń jò wá lọ́dún tó kọjá, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ nìkan ni mo fún un. Kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ti dáhùn rẹ̀ fúnra yín. Ẹ tún ìlà kejì sí ìgbẹ̀yìn nínú lẹ́tà yín kà.

Lọ́dún 1974, Chris Argyris àti Donald Schön, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé tíọ́rì méjì ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́: èyí tó ń fẹnu sọ, àti èyí tí ìṣe rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Èyí tí ẹ fẹnu sọ ni pé kí wọ́n wá sọ ìṣòro. Èyí tí ìṣe yín sọ ni pé ẹni tó bá mú ìṣòro wá ló máa kọ̀wé wí tẹnu ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yín gbọ́ méjèèjì, wọ́n sì mú èyí tí wọ́n fojú rí. Mi ò lè bá wọn wí.

Lọ́dún 1996, Amy Edmondson, ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí tó ṣe nílé ìwòsàn jáde lórí àṣìṣe nínú fífún aláìsàn lóògùn. Ó rò pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bára wọn ṣiṣẹ́ dáadáa ni àṣìṣe wọn máa kéré. Àkọsílẹ̀ sọ òdìkejì. Nígbà tó wádìí síwájú sí i, ohun tó yé e ni pé àwọn ẹgbẹ́ tó dára yẹn ló ń sọ àṣìṣe wọn jáde, àwọn tó kù ń fi tiwọn pa mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn nítorí ohun tí mo fẹ́ ní kí ẹ ṣe.

Ẹ lọ bá ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ epo yẹn. Lójú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún un pé ó ṣe dáadáa tó sọ ọ́, kí ẹ sì fa ìwé yẹn yọ kúrò nínú fáìlì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá mú ìṣòro wá, kí ẹ̀yin àti òun jọ lọ wo ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì gbọ́ ohun tí ẹ ṣe sí i kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye ìṣòro tí wọ́n ń mú wá máa gòkè, kí ẹ sì tètè sọ fún àwọn tó wà lókè yín. Tí ẹ ò bá sọ fún wọn, oṣù kejì ni wọ́n máa pè yín pé kí ló dé tí ẹ̀ka yín ń bàjẹ́ sí i. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí iye náà ò gòkè, ó ní ohun míì tí ìṣe yín ń sọ fún wọn tí ẹ kò tíì mọ̀. Ẹ wá ẹnì kan tí wọn kò bẹ̀rù kó bá yín bi wọ́n.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kùn-únkúndùn torí mo mọ ibi tó lè yọrí sí. Ní alẹ́ tó ṣáájú 28 oṣù kìíní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sọ pé òtútù lè ba rọ́bà tó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì Challenger, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfúrufú, jẹ́, pé kí wọ́n má gbé e fò. Àwọn ọ̀gá fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Èèyàn méje ló kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tíọ́rì tó tọ̀nà wà nínú ìjíròrò alẹ́ yẹn, ó sì ní ẹnu tó sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ọmọ yín ni mo jẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ lórí ìbójútó iṣẹ́ ni. Wọ́n fi mí sí ilé ìkẹ́rùsí tí a ń kó ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sí. Mo fi ìlànà ìṣirò tí wọ́n kọ́ wa ṣírò iye tó yẹ ká máa rà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá tó ti ń tọ́jú ibẹ̀ tipẹ́ wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ìwé nìyẹn." Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tèmi?

ÌDÁHÙN: O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Kọ́kọ́ lọ gbọ́ tiwọn ná.

Ìlànà ìṣirò tí o mú lọ, bó bá jẹ́ èyí tí mo rò ni, Ford Whitman Harris ló gbé e jáde lọ́dún 1913, iṣẹ́ rere sì ni. Ó ń wọn owó tí à ń ná nígbàkígbà tí a bá ra ọjà mọ́ owó tí à ń ná láti fi í pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó gbà pé bí ẹ ṣe ń lo ọjà náà kì í yí padà, àti pé ọjọ́ tí ọjà máa dé dájú. Ṣé bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín nìyẹn? Ẹni tó lè dá ọ lóhùn ni Bàbá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Jókòó tì wọ́n, kí o mú bíírò dání. Bi wọ́n pé ọjà wo ló máa ń pẹ́ dé, ìgbà wo nínú ọdún, ẹ̀rọ wo ló ń jẹ ẹ̀yà kan léraléra. Ìṣirò tí o kọ́ ò mọ gbogbo ìyẹn, Bàbá ò sì kọ ọ́ síbì kankan. Reg Revans, tó bá àwọn ọ̀gá ibi ìwakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, gbà pé ìmọ̀ inú ìwé nìkan ò tó, àfi kí a fi ìbéèrè gidi kún un. Ó ní kí àwọn ọ̀gá náà máa kóra jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké, kí wọ́n máa bi ara wọn nípa ìṣòro tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ mú ẹ̀yà bíi mẹ́fà: mẹ́ta tí ẹ ń lò déédéé, tí wọ́n sì ń tètè dé, mẹ́ta tó máa ń pẹ́ dé. Kọ iye tí ìṣirò rẹ sọ pé kí ẹ rà, kọ iye tí Bàbá sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì sọ ọjọ́ tí èyí tó wà nílẹ̀ lónìí máa tán. Mo rò pé ìṣirò rẹ á sún mọ́ ọn jù lórí mẹ́ta àkọ́kọ́, Bàbá á sún mọ́ ọn jù lórí mẹ́ta tó kù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó máa lo ìṣirò àti ibi tí ẹ ó ti máa béèrè lọ́wọ́ Bàbá. Bí Bàbá bá gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ọ lọ́wọ́, wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, torí ọjọ́ tí wọ́n bá lọ, gbogbo rẹ̀ ló máa bá wọn lọ.

Fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ẹ bá ṣe tán, èyí tí ẹ kọ ṣáájú àti èyí tí ẹ kà lẹ́yìn. Bá mi kí Bàbá.